Ọjọ́ Tí Mo Dìde Sọ̀rọ̀ Lójú Agbo

Tọ́pẹ́, jáde síta ná. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú yàrá tí o ń bá dígí sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi nínú Olúwa, inú mi dùn jọjọ." Ta ni olólùfẹ́ rẹ nínú dígí? Wọ́n ní kí o wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì, o wá ní kí n kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí àwùjọ ń pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún o. Àtẹ́wọ́ gan-an máa ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún wọ abẹ́ òjìji, ẹ má jókòó sínú oòrùn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní tètè ṣíwọ́.

Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lábúlé nígbà tiwa. Bí Baálẹ̀ bá fẹ́ pe ìpàdé, akéde á lu agogo yí ilé ká, àwa obìnrin á sì gbọ́ ọ láti ẹkù, ìyẹn kòtò tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí epo tó jáde. Ẹ ò mọ ìró yẹn mọ́. Odó á máa dún kì, kì, kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ nínú ẹyìn tó ṣì gbóná wọ́ọ́rọ́, orin á máa lọ, èéfín á máa ta wá lójú. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lójú agbo yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ níbi iṣẹ́. Lójú agbo, "àbúrò mi àtàtà" ni wọ́n ń pe ara wọn. Nínú ẹkù, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ ẹyìn, ẹnu wọn ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó gba ẹnu rẹ̀ gbọ́.

Àwọn tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ pọ̀ nígbà náà, mi ò ní purọ́. Bí ẹbí kan bá fẹ́ tọrọ ìyàwó, ẹni tó lẹ́nu ni wọ́n ń fi síwájú. Wọ́n rán ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó sọ̀rọ̀, ó pòwe, ó fi orin kún un, inú àwọn àna ń dùn. Nígbà tí wọ́n wá ní kó dárúkọ ọmọ tí wọ́n wá tọrọ, orúkọ opó kan ládùúgbò yẹn ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó bá wọn ru igbá wá. Ibẹ̀ ló ti mọ ìdí tí ọkọ òun fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní gbogbo ọjọ́ ọjà. A fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ọdún Ògìyán fi dé. Ẹnu tó bá ń sáré ju orí lọ, ilé ọ̀tá ló ń gbé olúwarẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ti Jòṣáyà kì í ṣe ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ọmọ Èjìgbò ni mí, àmọ́ ọmọ ọwọ́ ni mo wà nígbà tí àwọn òbí mi gbé mi lọ sí Àbíjàn. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Bàbá Fèyí, ọkọ mi, níbẹ̀ la sì bí Fèyí sí. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni ò fi ìyẹn bá wa jà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, bàbá rẹ̀ kú, a sì padà wá jókòó ti oko bàbá náà ní abúlé kan lẹ́yìn Isundunrin. Yorùbá mi nígbà yẹn dà bí ìrẹsì tí wọn ò ṣà. Bí mo bá ń sọ ọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Faransé á ṣàdédé kàn mí léyín bí òkúta. Nítorí náà mo máa ń dákẹ́. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Mo máa ń ti àpótí mi pa nítorí ọwọ́ Fèyí tí kì í gbélẹ̀. Wọ́n ní ohun tí mo kó bọ̀ láti Àbíjàn kò ṣeé fojú rí. Mo ń fi ọṣẹ elébu, ọṣẹ lúbúlúbú, fọ aṣọ létí odò, ó ń hó funfun. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìhó náà bí ẹni ń wo ejò.

Lọ́dún kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí gbogbo abúlé ń mu bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọ̀pọ̀lọ́ dojú bolẹ̀ sí etí odò. Àwọn ọmọdé ń bì. Fèyí náà bì títí ojú rẹ̀ fi wọ inú, Ọlọ́run yọ ọ́. Èyí tó le jù ni Ràfíù, ọmọkùnrin kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá rẹ̀ dè é mọ́ ẹ̀yìn, ó gun kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Èjìgbò. Wọ́n bi í pé, "Kí ni ọmọ yìí mu?" Bàbá ní omi ni. Wọ́n ní kí ni ó wà nínú omi náà? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tètè wádìí, torí ọmọ náà ń lọ.

Jòṣáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. Àgbẹ̀ kòkó ni, òun ló sì máa ń ka Bíbélì sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí pé ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́: "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ní ká ronú ni. Láti ìgbà àwọn bàbá wa la ti ń mu omi yìí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn? Ta ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?" Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa kíyè sí ẹni tó bá ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ti dárúkọ rẹ̀ tán.

Bí mo bá wọ ẹkù, orin á dákẹ́. Bí mo bá kí èèyàn, á dá mi lóhùn bíi pé ehín ń dùn ún. Èyí ò tó nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bu omi fún ọkọ mi nígbà tó toko dé. Isundunrin ni mo ti rù ú wá fúnra mi. Ó gba ife náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo inú rẹ̀ kó tó mu. Láti ọjọ́ náà lèmi náà ti ń fura sí i. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ṣé òun ni yóò bá mi di ẹrù?

Nígbà tó yá, akéde lu agogo: ìpàdé ní ọ̀la, tọkùnrin tobìnrin, níwájú ilé Baálẹ̀. Mo dìde, mo tọ Bàbá Sùlè lọ. Bàbá yìí ni agbẹnusọ abúlé. Bí ọ̀ràn bá dé ààfin Èjìgbò, òun ni wọ́n ń rán. Mo bá a tó ń pọ́n àdá. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́la."

Kò gbé ojú sókè. "Mi ò ní sọ ọ́."

"Kí ni mo ṣe yín, Bàbá?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan. Àbúrò mi ló bí Jòṣáyà. Bí mo bá gbè sẹ́yìn rẹ, wọ́n á ní mo ń bá ọmọ àbúrò mi jà. Bí mo bá gbè sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, èmi gan-an ò tíì mọ̀ bóyá ìwọ ni tàbí ìwọ kọ́."

Mo dìde kí n máa lọ. Omijé ti gba ojú mi. Ó ní, "Jókòó. Bó o bá dìde lọ́la, báwo lo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Màá ní èmi kọ́."

"O ti kú nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní òun kọ́, ẹ̀sùn ló ń bá tún wí. Kí wọn. Kí Baálẹ̀, kí àgbà, kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ. Bó o bá kí wọn tán, dákẹ́ díẹ̀. Ojora ló ń mú èèyàn sáré sọ̀rọ̀."

"Bàbá, ojú gbogbo wọn yóò wà lára mi. Ta ni kí n máa wò?"

Ìgbà yìí ló tó gbé ojú sókè. "Àwùjọ ò létí, ọmọ mi. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló létí. Wá ẹni tí ọ̀ràn náà ká lára jù, kó o máa bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà ní yàrá. Àwọn tó kù á gbọ́. Ohun tó o rí ni kó o sọ. Èyí tó o rò, má sọ ọ́. Fi bi wọ́n léèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti tán, jókòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ̀rọ̀ ire, tó wá fi èyí tó kù ba a jẹ́."

Mo dúpẹ́, mo lọ. Ṣé ẹ rò pé ọkàn mi balẹ̀? Ó ti o! Mo ń rìn, mo ń wo ẹ̀yìn. Mo ní: ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀tá mi ló ní kí n dákẹ́, ó ní kí n má sọ èyí tí mo rò, ó ní kí n tètè jókòó. Bóyá ó fẹ́ kí n dá ara mi lẹ́bi ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò kúrò létí mi: ohun tó o rí. Kí ni mo rí? Mi ò rí nǹkan kan. Ilé ni mo jókòó sí tí mo ń sunkún. Mo bá yà sọ́nà odò.

Mo dé ibi tí mo ti ń fọṣọ. Ìsàlẹ̀ odò ni, ó jìnnà sí ibi tí a ti ń pọn omi. Mo tẹ̀lé etídò lọ sókè. Níbi tí a ti ń pọnmi, òkú ọ̀pọ̀lọ́. Mo tún gòkè, òkú ẹja wẹ́wẹ́, ara wọn ti funfun. Mo gòkè títí mo fi dé ibú, níbi tí omi ti jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù, òórùn ibẹ̀ sì gún mi nímú bí òórùn oko kòkó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín oògùn.

Ẹ dákẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ibú yẹn. Láyé ìgbà náà, ẹnì kan kì í dá lọ pẹja níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, gbogbo abúlé ló ń gbọ́n ọn. A ó fi amọ̀ sé ẹnu rẹ̀, a ó to ara wa, igbá á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, àwọn ọkùnrin á máa kọrin, ẹrẹ̀ á bo wa títí dé orí. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ̀rín ni. Bí omi bá gbẹ, ẹja á máa jà pàtì-pàtì nínú ẹrẹ̀, wọ́n á pín in kárí títí dé ilé opó. Lọ́dún náà, a ò tíì gbọ́n ibú. Mo dúró níbẹ̀, mo rántí ìkómọ tí wọ́n ṣe nílé Jòṣáyà, tó ṣe kété kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹja pọ̀ nínú ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn débi pé ọmọdé ń ju orí ẹja sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, abẹ́ igi mángòrò Baálẹ̀ kún. Ìyá Ràfíù ti Èjìgbò dé láàárọ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílé ìwòsàn. Kò wẹ̀, kò jẹun. Ọkọ mi jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, ó ń wo ilẹ̀. Jòṣáyà dìde.

Háà, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ! Ó ki Baálẹ̀, ó rántí àwọn tó tẹ abúlé dó, ó fi òwe lé òwe. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nípa Ràfíù, àwọn obìnrin nu ojú. Èmi gan-an tó ń sọ ọ́ sí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé èmi ni. Nígbà tó jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní àtẹ́wọ́ ń bà mí lẹ́rù.

Kí Baálẹ̀ tó pè mí, Ìyá Ràfíù ti fò dìde. "Kí lo dà sínú omi? Jọ̀ọ́, mi ò bá ọ jà. Wí i, kí ọmọ mi lè yè!"

Mo dìde. Gbogbo ohun tí Bàbá Sùlè kọ́ mi fò lọ, ẹnu Àbíjàn ló sì yọ. Ní ọjà Àbíjàn, bí a bá fẹ́ kí èèyàn gbọ́ wa, "ekuté" la máa ń wí. Òun ni mo kígbe: "Ekuté!"

Agbo dàrú. "Ó ń pe èkúté!" "Ọfọ̀ ni! Ẹ dá a lẹ́nu dúró!" Àwọn kan ti fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Baálẹ̀ gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè. "Ìyàwó, èkúté wo lò ń pè?"

"Baálẹ̀, mi ò pe èkúté kankan. Faransé ni. 'Ẹ gbọ́ mi' ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Ìyá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Mo dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́ lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹyẹ lórí mángòrò. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí Baálẹ̀, mo kí àwọn àgbà, mo kí àwọn obìnrin ẹkù. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí Ìyá Ràfíù nìkan.

"Ìyá Ràfíù, ẹ kú ìrọ́jú. Fèyí mu omi náà, ó bì lé mi lọ́wọ́. Mo lọ sódò lánàá. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń fọṣọ, gbogbo yín lẹ mọ ibẹ̀. Ibi tí a ti ń pọnmi, òkè rẹ̀ ni. Mo rí òkú ẹja ní òkè ibi tí a ti ń pọnmi. Mo rí wọn títí dé ibú. Ìyá Ràfíù, ṣé omi máa ń ṣàn gòkè ni?"

Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ọdún yìí, a ò tíì gbọ́n ibú. Ẹ̀yin lẹ se ọbẹ̀ ìkómọ ilé Jòṣáyà. Mo fẹ́ bi yín ni: ẹja yẹn, níbo ni wọ́n ti rí i?"

Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ mi ti tán.

Ìyá Ràfíù yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Jòṣáyà. "Jòṣáyà, ìwọ lo gbé ẹja náà fún mi. Mo ní ó ń rùn. O ní kí n fi ata sí i dáadáa. Ràfíù ló bá mi lá ìkòkò. Níbo lo ti rí i?"

Jòṣáyà dìde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní..."

"Má pòwe!" Ìyá Ràfíù ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi ń kú lọ! Má pòwe fún mi! Kí lo dà sínú ibú?"

Ẹnu tó ti ń ṣàn bí odò láti ọjọ́ yìí gbẹ. Ó wo Bàbá Sùlè. Bàbá Sùlè ní, "Dá obìnrin náà lóhùn." Nígbà náà ló wólẹ̀, ó dojú bo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò jọ tirẹ̀ mọ́. "Oògùn kòkó ni, kí ẹja lè kú. Mo rò pé yóò ṣàn kọjá ni."

Mi ò rò pé ó fẹ́ pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹja ìkómọ ló ń wá. Àmọ́ nígbà tó rí ohun tó ṣe, ó mọ̀ pé ẹnu òun tó láti fi gbé e ka orí ẹlòmíràn. Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó mọ ohun tí ọmọ náà mu, ilé ìwòsàn ń bi wọ́n, ó sì ń lo ẹnu dídùn yẹn láti máa pòwe.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbé kẹ̀kẹ́ kí Jòṣáyà tó dìde kúrò nílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wa á lọ sí Èjìgbò, ó sọ fún wọn pé oògùn kòkó ló wà nínú omi. Àwọn oníṣègùn wá mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ràfíù rù hangogo kó tó dìde, ṣùgbọ́n ó dìde. Baálẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà mọ́, kí a gbẹ́ kànga. Jòṣáyà ló sì kọ́kọ́ sọ ọkọ́ sí ilẹ̀. Ó padà sí ìdí Bíbélì kíkà nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ ṣì dùn. Àwọn kan ń ṣe àmín. Èmi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Sùlè. Mo bi í, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ pé òun ni?" Ó ní, "Mo fura. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọn ì bá pè é. Ẹni tí wọ́n fura sí ló yẹ kó bèèrè." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni bàbá náà lò tàbí ó kàn ń sá fún ìjà ẹbí. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ohun tó kọ́ mi dára, ìyẹn ò ní kí n má fura sí i.

Nítorí náà, Tọ́pẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó o bá dìde lọ́jọ́ náà, wá ojú ẹnì kan. Sọ ohun tó o rí. Kó o sì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tú, mo gbé Fèyí pọ̀n, mo kọjú sílé. Ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kò sún mọ́ mi, kò sì jìnnà. Eruku ẹ̀ẹ̀rùn bo ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí a kọjá àwọn ilé tán, ó wúkọ́.

"Mi ò mọ̀ pé o lè sọ̀rọ̀ báyẹn."

Mo dúró. Mo yí padà, mo wò ó dáadáa.

"Ẹ ò bi mí rí," mo ní.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó gba Fèyí lẹ́yìn mi, ó gbé e lé èjìká. Ó ní, "Ó dáa. Mo ń bi ọ́ báyìí. Ṣé o rò pé mo gbà pé ìwọ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Kò jiyàn. A jọ ń rìn lọ, ẹ̀gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi ni mo sì ń sọ̀rọ̀.